IKỌ́ ỌMỌDÉ: Èémí Ni Kí Ẹ Wò, Ẹ Má Ṣe Wo Ariwo

Ẹ̀yin baba náà, ẹ má ṣe ṣí ojú ìwé yìí kọjá, nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kàn yín gẹ́gẹ́ bí ó ti kan àwọn ìyàwó yín.

Kò sí ilé tí ọmọ kéékèèké wà tí a kì í gbọ́ ikọ́. Ní ìgbà òjò, wọn a máa wúkọ́; ní ìgbà ọyẹ́, nígbà tí ètè bá ń là tí eruku sì gba gbogbo ojú ọ̀nà, wọn a tún máa wúkọ́. Ọmọ tí ara rẹ̀ le koko pàápàá lè ní ọ̀fìnkìn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ láàárín ọdún kan, kò sì sí ohun àjèjì níbẹ̀. Nítorí èyí, ojú wa ti mọ́ ikọ́. Ohun tí ojú bá sì ti mọ́, a kì í fi bẹ́ẹ̀ kà á sí mọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ikọ́ tí yóò lọ fúnra rẹ̀, a máa ń rí ọ̀kan tí ó lè pa ọmọ bí a kò bá tètè dá a mọ̀. Òun ni òtútù àyà, tí àwọn dókítà ń pè ní nìmóníà. Àjọ UNICEF ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2018, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 tí àìsàn yìí pa ní Nàìjíríà nìkan ju 160,000 lọ. Kì í ṣe pé kò ní oògùn. Ó ní oògùn, oògùn náà kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n oògùn kò lè ran ọmọ tí a kò gbé wá lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni a kì í tètè gbé ọmọ tí a rò pé ọ̀fìnkìn lásán ni ó ń ṣe.

ỌMỌ MÉJÌ NÍNÚ ILÉ KAN

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní ọmọ méjì ń wúkọ́ nínú ilé kan náà. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 4, àbúrò jẹ́ ọmọ oṣù 7. Ikọ́ ẹ̀gbọ́n le ní òru tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará yàrá kejì kò lè sùn. Ikun ń dà ní imú rẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sì ń dún ní ọ̀fun rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà, á sì sáré lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré lẹ́yìnkùlé. Àbúrò ní tirẹ̀ kò wúkọ́ púpọ̀. Ó kàn dákẹ́ ni. Láti àná ni kò ti mu ọmú dáadáa. Bí ó bá fẹnu kan ọmú, á tún fi í sílẹ̀ bí ẹni tí ó rẹ̀. Ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀ bí ó ti ń mí.

Ìyá wọn fẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n owó káàdì àti ti oògùn tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju ti ọmọ kan lọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ wí fún un pé: “Ìyàwó mi, ẹ̀gbọ́n yìí ni kí o mú lọ. Ṣé ìwọ kò gbọ́ bí àyà rẹ̀ ti ń dún ni? Kò sí ohun tí ó ṣe àbúrò, oorun ló ń kùn ún.”

Ìyá àgbà kò ní ìkà nínú. Etí ni ó fi wo àìsàn náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ojú ni a fi ń wo ikọ́ ọmọdé; ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ̀gbọ́n tí ó ń pariwo, ọ̀fìnkìn ni ó mú un. Àbúrò tí ó dákẹ́ ni òtútù àyà ti mú.

IBI TÍ ÀÌSÀN DÉ NI Ó Ń FI HÀN BÍ Ó TI LE TÓ

Afẹ́fẹ́ tí a ń mí gba ihò imú wọlé, ó gba ọ̀fun, ó gba gògóńgò, kí ó tó dé inú ẹ̀dọ̀fóró. Bí kòkòrò àìsàn bá dúró sí imú àti ọ̀fun, wàhálà rẹ̀ kì í pọ̀. Bí ó bá sọ̀kalẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀rọ̀ di méjì. Inú ẹ̀dọ̀fóró kún fún àwọn àpò kéékèèké tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀. Nínú òtútù àyà, omi àti ọyún a máa dí àwọn àpò wọ̀nyí, afẹ́fẹ́ kò sì ní rí ààyè tó. Ọmọ yóò wá máa mí kíákíá láti fi dí àlàfo náà. Ó dà bí ẹni tí igbá rẹ̀ kéré tí ó fẹ́ pọnmi kún àmù: àfi kí ó yára lọ, kí ó sì yára bọ̀. Ìdí nìyí tí èémí fi ń sọ òtítọ́ tí ariwo ikọ́ kò lè sọ.

ÀWỌN ÀÌSÀN TÍ A SÁBÀ MÁA Ń RÍ

Ọ̀fìnkìn ni ó wọ́pọ̀ jù. Imú a máa ṣomi tàbí kí ó dí, ọmọ a máa sín, ara rẹ̀ lè gbóná díẹ̀, a sì máa wúkọ́. Ṣùgbọ́n ó ń jẹun, ó ń mu ọmú, ó ń ṣeré, èémí rẹ̀ sì ń lọ wọ́ọ́rọ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò nílò oògùn tí ń pa kòkòrò, bí amoxicillin, nítorí kòkòrò tí ó ń fa ọ̀fìnkìn kì í gbọ́ oògùn bẹ́ẹ̀. Ìtọ́jú àti sùúrù ni oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ikọ́ bá ju ọjọ́ 14 lọ, ẹ gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò, pàápàá bí ó bá ń rù tàbí bí àgbàlagbà kan nínú ilé bá ń wúkọ́ pẹ́, nítorí ikọ́ ife lè wà níbẹ̀.

Ọ̀fìnkìn lè wọ etí. Bí ọmọ bá ń fa etí rẹ̀, tí ó ń sunkún ní òru, tàbí tí ọyún ń jáde ní etí, ẹ gbé e lọ fún nọ́ọ̀sì wò. Ẹ má ṣe rọ epo sí i.

Ikọ́ kan wà tí ó ń dún bí ìgbà tí ajá ń gbó. Gògóńgò ni ó wú nínú irú èyí. Ohùn ọmọ a há, òru ni ó sì sábà máa ń le jù. Bí ọmọ bá ń ṣe bí ẹni tí ń fa èémí sínú pẹ̀lú ariwo nígbà tí ó fara balẹ̀ tí kò sunkún, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbé e jókòó sí itan, ẹ má ṣe ki ìka tàbí ṣíbí bọ ọ̀fun rẹ̀.

Nínú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, pàápàá àwọn tí kò tíì pé ọdún kan, ọ̀fìnkìn lè sọ̀kalẹ̀ sí àwọn ọ̀nà tóóró inú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ọmọ bá ń mí síta, ẹ ó gbọ́ ohùn bí ẹni ń súfèé. Mímu ọmú yóò ṣòro fún un. Èyí náà di ti dókítà.

Ikọ́ líle, tí àwọn kan ń pè ní ikọ́ àwúbì, a máa gbé ọmọ wúkọ́ léraléra láìsinmi títí ojú rẹ̀ yóò fi pọ́n. Lẹ́yìn náà ni yóò fa èémí sínú pẹ̀lú igbe, ó sì lè bì. Ẹ ṣọ́ra fún ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù 6: ó lè máà ké rárá, kí èémí rẹ̀ kàn dúró fún ìgbà díẹ̀, kí ètè rẹ̀ sì dúdú.

Difitéríà náà kò tíì kúrò nílẹ̀. Láti ìparí ọdún 2022 wọ 2023 ni ó tún jà ní Nàìjíríà, pàápàá ní Kano. Ọ̀fun a máa dun ọmọ, ọrùn rẹ̀ lè wú, ohun kan bí awọ tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú a sì bo inú ọ̀fun. Èyí kì í ṣe ohun tí a ń fi àgbo wò nílé.

Èyí tí ó kù ni òtútù àyà, tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ikọ́ wà níbẹ̀, ibà sábà máa ń wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àmì tí ó yà á sọ́tọ̀ ni èémí tí ó yára àti àyà tí ó ń wọnú.

BÍ A ṢE Ń KA ÈÉMÍ ỌMỌ

Ní ọdún 1984, Dókítà Frank Shann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé lórí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọmọdé tí ń wúkọ́ ní Papua New Guinea, níbi tí ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú àyà kò ti pọ̀. Wọ́n fi hàn pé bí a bá ka èémí ọmọ tí a sì wo àyà rẹ̀, a lè mọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ó nílò oògùn àti àwọn tí ó yẹ kí a dá dúró sí ilé ìwòsàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé mú irú ọ̀nà yìí lò, òun ni àwọn nọ́ọ̀sì ń lò ní àwọn ilé ìlera wa títí di òní. Ìyá tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga lè ṣe é. Ohun tí a nílò kò ju aago tí ń ka ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ọ̀kan wà nínú tẹlifóònù tí ó wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ fara balẹ̀ kọ́kọ́. Ẹkún a máa mú èémí yára, ọmú mímu náà kò ní jẹ́ kí ẹ rí i kà dáadáa. Bí ó bá ń sùn, ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé aṣọ rẹ̀ sókè kí àyà àti ikùn hàn. Bí ikùn bá gòkè tí ó sì sọ̀kalẹ̀, ẹyọ kan nìyẹn. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹ má ṣe kà á fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú kí ẹ wá sọ ọ́ di méjì. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ tún un kà.

Iye tí ó fi hàn pé èémí ti yára jù nìyí:

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2: èémí 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan.

Ọmọ oṣù 2 títí di oṣù 11: èémí 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ ọdún 1 títí di ìgbà tí yóò pé ọdún 5: èémí 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ìsàlẹ̀ àyà, níbi tí egungun ìhà parí sí. Ó yẹ kí ibẹ̀ wú síta bí ọmọ bá ti ń mí sínú. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ń wọnú bí ọmọ ti ń mí sínú, ẹ̀dọ̀fóró ń jà. Ọmọ tí ó ń wúkọ́ tí èémí rẹ̀ yára, tàbí tí àyà rẹ̀ ń wọnú, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ ó wo bí yóò ti rí ní ọ̀la.

ÀMÌ TÍ KÒ GBỌDỌ̀ DÚRÓ DE ILẸ̀ MỌ́

Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ì báà ṣe òru, ẹ gbé ọmọ jáde: bí kò bá lè mu ọmú tàbí omi rárá, bí ó bá ń bì gbogbo ohun tí ó bá gbé mì, bí gìrì bá mú un, bí ara rẹ̀ bá rọ tí kò jí dáadáa nígbà tí a pè é, bí ètè tàbí ahọ́n rẹ̀ bá ń dúdú, bí ó bá ń kùn hùn-ùn ní gbogbo ìgbà tí ó bá mí síta.

Ní ti ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2, ẹ má ṣe dúró de àmì púpọ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, tàbí tí ó tutù ju bí ó ti yẹ lọ, tàbí tí kò mu ọmú bí ti tẹ́lẹ̀, tàbí tí èémí rẹ̀ yára, ilé ìwòsàn ni.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe sọ pé “ibà lásán ni” kí ẹ wá ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì. Òótọ́ ni pé ibà ẹ̀fọn náà lè mú ara gbóná kí ó sì mú èémí yára, àwọn méjèèjì sì lè mú ọmọ kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n lè fi ẹ̀rọ kékeré kan há a ní ìka láti mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá fún un ní oògùn, ẹ lò ó tán bí wọ́n ti wí, bí ọmọ bá tilẹ̀ ti ń ṣeré ní ọjọ́ kejì. Bí kò bá sì sàn lẹ́yìn ọjọ́ 2, tàbí tí ó ń le sí i kí ó tó di ìgbà náà, ẹ gbé e padà.

ÌTỌ́JÚ NÍLÉ, ÀTI OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ A ṢE

Ọmọ tí ó ní ọ̀fìnkìn lásán, ẹ máa fún un lọ́mú lemọ́lemọ́. Bí ó bá ti ń jẹun, ẹ máa fún un ní díẹ̀díẹ̀, kí omi má sì wọ́n ọn. Bí imú rẹ̀ bá dí, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tí ó mọ́, tí ẹ fi omi rẹ, nù ún kí ó tó mu ọmú. Ọmọ tí ó ti ju ọdún kan lọ lè mu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí a fi oyin díẹ̀ sí. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ lá oyin rárá, nítorí ó lè jẹ́ májèlé fún un. Paracetamol dára fún ara gbígbóná, bí nọ́ọ̀sì bá ti sọ ìwọ̀n tí ó bá ọjọ́ orí àti ìwúwo ọmọ mu.

A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe kán àdín tàbí epo sí ihò imú ọmọ. Òróró tí ó bá gba imú wọ ẹ̀dọ̀fóró kì í jáde bọ̀rọ̀, ó sì lè dá òtútù àyà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe dì í mọ́ itan kí ẹ wá máa fi ọwọ́ rọ ọ́ ní ògì tàbí àgbo. Àwọn ìyá wa àgbà ṣe é pẹ̀lú ìfẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí ń sunkún tí ń wúkọ́ kò lè gbé nǹkan mì dáadáa, ohun tí ó yẹ kí ó lọ sí ikùn a sì gba ọ̀nà èémí lọ. Ẹ má ṣe fún un ní oògùn ikọ́ tí àgbàlagbà ń mu. Ẹ má sì ṣe lo oògùn tí ó ṣẹ́kù nínú ìgò láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣàìsàn.

KÍ Á TÓ RÍ I NI KÍ Á TI DÈNÀ RẸ̀

Kékeré la ti ń pa ẹkàn ìrókò. Ọmú ìyá nìkan títí ọmọ yóò fi pé oṣù 6 ń fún un ní agbára láti bá àìsàn jà. Ẹ má ṣe gbé ọmọ pọ̀n sẹ́yìn nídìí ààrò tí èéfín igi ń rú, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa sìgá nínú yàrá tí ó ń sùn. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó gbé e. Ẹni tí ó bá ní ọ̀fìnkìn kò gbọdọ̀ fi ẹnu ko ọmọ ọwọ́ lẹ́nu.

Ẹ má ṣe fi abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣeré. Abẹ́rẹ́ kan wà tí ó ń dènà àìsàn 5, ikọ́ líle àti difitéríà sì wà lára wọn. Òmíràn ń dènà ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò tí ó ń fa òtútù àyà jù. Ìparí ọdún 2014 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ní èyí. Bí ọmọ bá pé ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14 ni a ń fún un ní méjèèjì. Abẹ́rẹ́ èéyi wà ní oṣù 9 àti oṣù 15, nítorí òtútù àyà sábà máa ń tẹ̀lé èéyi.

Ní ti ìyá tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, kò yẹ kí ó bá ìyá ọkọ rẹ̀ jiyàn. Kí ó gbé aṣọ àwọn ọmọ sókè, kí ó sì pe ìyá àgbà wá kí àwọn méjèèjì jọ kà á. Bí ti ẹ̀gbọ́n bá jẹ́ 28, tí ti àbúrò sì jẹ́ 62, kò sí ẹni tí yóò tún béèrè ọmọ tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbé lọ. Ìyá àgbà gan-an ni yóò na ọ̀já sí i.

Ẹ gé ibi tí a kọ iye èémí sí nínú ìwé ìròhìn yìí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Ní alẹ́ òní, nígbà tí ara ọmọ yín dá, ẹ kà á wò kí ọwọ́ yín lè mọ́ ọn. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ọlọ́run yóò dá àwọn ọmọ náà sí fún wa.